Ohun tó ń yí àwọ̀ fọ́tò padà láti ojú kọ̀ǹpútà dé orí pépà

Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó, òpin ọ̀sẹ̀ kì í ṣòfo: bí kò bá jẹ́ ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà ni, tàbí ìwúyè. Ní Akùngbá tó wà láàrin ìlú méjèèjì, ayẹyẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin tún ń fi kún iṣẹ́ àwọn ayàwòrán. Àròyé kan sì wọ́pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Aṣọ ẹbí elése àlùkò tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn lórí pépà, ojú ìyàwó á sì pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Oníbàárà á ní wọ́n ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ayàwòrán á di ẹ̀bi ru onítẹ̀wé, onítẹ̀wé á ní bí wọ́n ṣe gbé fáìlì wá nìyẹn.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má jẹ̀bi. Ọ̀nà tí àwọ̀ gbà ń jáde lójú kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ti orí pépà, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n lè dín ìyàtọ̀ náà kù kí owó tó ṣòfò.

Ìmọ́lẹ̀ lọ́tọ̀, yíǹkì lọ́tọ̀

Ojú kọ̀ǹpútà àti fóònù ń tan ìmọ́lẹ̀ tiwọn. Iná wínníwínní mẹ́ta ló kún ibẹ̀: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, èyí tí à ń pè ní RGB. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tàn dé góńgó, funfun la ó rí. Bí wọ́n bá kú, dúdú ni. Lọ́dún 1861, James Clerk Maxwell, ọmọ Scotland, fi èyí han àwọn èèyàn ní London: fọ́tò ríbọ́nì kan náà mẹ́ta ni ó fi ìmọ́lẹ̀ pupa, ti ewé àti búlúù gbé léra wọn, àwọ̀ ríbọ́nì náà sì yọ.

Pépà kò ní iná nínú. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tàbí ti gílóòbù ló ń bà lé e, yíǹkì á gbé apá kan mì, ìyókù á padà sójú wa. Yíǹkì cyan (búlúù tó jọ ewé) ń gbé pupa mì, magenta (pupa tó jọ elése àlùkò) ń gbé àwọ̀ ewé mì, ti ìyeyè ń gbé búlúù mì. Bí aṣọ funfun ṣe ń ṣókùnkùn sí i nígbà tí aláró bá ń rì í bọ ìkòkò léraléra, bẹ́ẹ̀ ni pépà ń ṣókùnkùn bí yíǹkì bá ṣe ń pọ̀ lórí rẹ̀. Àdàlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í dúdú tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi yíǹkì dúdú ṣe ìkẹrin, tó di CMYK.

Nítorí náà, àwọn àwọ̀ kan wà tí iná lè tàn tí yíǹkì kò lè dé: búlúù tó mọ́ gaara, elése àlùkò, àwọ̀ ewé tó ń tàn. Ẹ̀rọ á wá èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ fi dípò.

Èdè tí àwọn ẹ̀rọ fi ń gbọ́ ara wọn

Lọ́dún 1993, àwọn ilé iṣẹ́ bíi Adobe, Apple, Kodak àti Microsoft dá International Color Consortium sílẹ̀, kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè ní fáìlì kékeré tó ń ṣàlàyé àwọ̀ tirẹ̀. Ìyẹn ni ICC profile. Lọ́dún 1996, HP àti Microsoft gbé ìlànà àwọ̀ RGB kan tí à ń pè ní sRGB kalẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àti ilé ìtẹ̀fọ́tò ń lò. Bí ayàwòrán bá tọ́jú fọ́tò sí Adobe RGB, ìlànà RGB mìíràn, tí ilé ìtẹ̀fọ́tò sì kà á bíi sRGB, àwọ̀ á ṣì.

Ibi tí fáìlì ń lọ náà ṣe pàtàkì. Láàbù tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tẹ fọ́tò sórí pépà oníkẹ́míkà ń fẹ́ RGB. Kalẹ́ńdà àti ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu ni CMYK wà fún.

Awọ dúdú kì í ṣe àfikún

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, páálí tí Kodak ń fún àwọn láàbù láti fi díwọ̀n àwọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Shirley, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀. Ojú aláwọ̀ dúdú á wá rí bí òkùnkùn lásán. Ní àwọn ọdún 1990 ni Kodak tó gbé páálí tó ní obìnrin dúdú, funfun àti ará Éṣíà jáde.

Ìṣòro náà kò tíì tán. Ẹ̀rọ tó ń tún fọ́tò ṣe fúnra rẹ̀ sábà máa ń fẹ́ kí gbogbo fọ́tò mọ́lẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí gbogbo ẹbí bá wọ léèsì funfun níbi ìsìnkú, ẹ̀rọ á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú àwọn èèyàn á sì ṣókùnkùn. Àwọn tó fara balẹ̀ ya fọ́tò yẹn kò yẹ kí wọ́n pàdánù ojú ara wọn nínú rẹ̀.

Ohun tó ṣeé ṣe

• Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kù títí ojú ewé funfun lórí rẹ̀ yóò fi bá pépà funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá mọ́lẹ̀ jù, fọ́tò á ṣókùnkùn lórí pépà. Bí agbára bá wà, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà.

• Ẹ béèrè ICC profile lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀fọ́tò, kí ẹ sì fi "soft proof" inú Photoshop wo bí àwọ̀ yóò ṣe rí.

• Ẹ má ṣàdédé pààrọ̀ yíǹkì tàbí pépà. Profile kọ̀ọ̀kan, yíǹkì àti pépà kan pàtó ló wà fún.

• Ẹ ní kí wọ́n pa àtúnṣe aládàáṣe, kí wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ fọ́tò kékeré kan tó ní ojú èèyàn dúdú àti pupa, aṣọ funfun àti aṣọ ẹbí. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa.

• Ẹ wò ó lójú ọ̀sán, lábẹ́ ibòòji. Gílóòbù oníyeyè á mú kó pọ́n lójú yín.

Kí oníbàárà àti ayàwòrán jọ fọwọ́ sí fọ́tò kékeré yẹn kí wọ́n tó tẹ ńlá. Bí kò bá sì ṣeé ṣe kí aṣọ àti awọ ara jọ bá ti ojú kọ̀ǹpútà mu, awọ ara ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Aṣọ ẹbí ọdún yìí, ẹbí lè gbàgbé àwọ̀ rẹ̀; ojú màmá wọn ni àwọn ọmọ ọmọ yóò máa wá nínú fọ́tò náà.