Àkọsílẹ̀ Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí kì í ṣe àjèjì sí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ́jísítà ni, ọ̀rọ̀ máàkì ni, ọ̀rọ̀ káàdì èsì ìdánwò tí à ń fi ránṣẹ́ sí òbí ní ìparí táàmù ni. Ohun tí ó sọ ọ́ di tuntun ni pé, ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá, wọ́n ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí olùkọ́, ọmọ àti òbí ti lè wò wọ́n nígbàkúùgbà. Pọ́tàlì ni àwọn ènìyàn ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Nígbà tí èmi wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ilé-ẹ̀kọ́ ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ nípa mi láàárín ọdún kan, èmi gan-an sì ni ìránṣẹ́ tí ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Bírò pupa ni tísà fi ń kọ máàkì ẹni tí ó bá fìdí rẹmi. Mo mọ àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n fi bíléèdì rọra họ yíǹkì pupa náà kúrò, tí wọ́n sì fi bírò búlúù kọ 68 sí ibi tí 38 wà. Ẹlòmíràn a ní òjò ni ó pa káàdì òun.

Ètò tuntun yìí gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ fi ojú inú wo ilé ìṣúra kan tí ó ní ìlẹ̀kùn púpọ̀. Kọ̀ǹpútà ni ilé náà. Ó lè wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ó sì lè wà ní òkè òkun. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, èyí tí a ń pè ní pásíwọ́ọ̀dù. Olùkọ́ a gba ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ wọlé, a kọ ẹni tí ó wá àti ẹni tí kò wá, a sì kọ máàkì sílẹ̀. Òbí a gba ẹnu ọ̀nà mìíràn. A lè rí ti ọmọ rẹ̀ nìkan, kò sì lè yí nǹkan kan padà níbẹ̀. Akápò a rí owó ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gá a rí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kì í fi orúkọ mọ ọmọ. Nọ́ńbà tí a fún un ni ó fi ń mọ̀ ọ́n. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ojú orúkọ Yorùbá ń rí lọ́wọ́ ẹ̀rọ kò kéré: àmì orí yóò bọ́, àmì ìsàlẹ̀ yóò bọ́, Ṣọlá yóò di Sola. Ṣùgbọ́n èyíinì tó ìjókòó ọ̀tọ̀.

Àǹfààní rẹ̀ kò fara sin. Òbí tí ó wà ní London, tí ọmọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìbàdàn, lè mọ̀ ní alẹ́ òní pé ọmọ náà kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò. Kò ní í dúró de ìparí táàmù kí ó tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti yíwọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, pọ́tàlì ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi sọ fún mi pé ọmọ náà kò wá sí kíláàsì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́rú. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e dé ẹnu géètì ní ọjọ́ méjèèjì. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, ọmọ ni mo kọ́kọ́ bá wí. Mo ní níbo ni ó gbà lọ lẹ́yìn tí mo yí ọkọ̀ padà? Ó sunkún, ó búra, èmi kò gbà. Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ ni a tó mọ̀ pé olùkọ́ kíláàsì kò sí nílé ní ọjọ́ méjèèjì náà. Ẹni tí ó dúró fún un kọ orúkọ àwọn tí ó wá sínú ìwé, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Ibi tí a kò kọ nǹkan kan sí, ẹ̀rọ kà á sí pé ọmọ kò wá. Gbogbo kíláàsì, ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ni ó sọ pé wọn kò wá. Olùkọ́ náà bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ọmọ ni ó yẹ kí èmi bẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ni ó wá sọ fún mi ni, ǹ bá ti bi í léèrè bí ó ṣe mọ̀. Nítorí pé ẹ̀rọ ni, n kò bèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ olùkọ́ fi sí i, tàbí tí ó gbàgbé láti fi sí i, ni ó ń sọ.

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ pọ́tàlì tí à ń lò ń sọ. Ìyá tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì yóò gbé fóònù rẹ̀ fún ọmọ pé kí ó bá òun kà á. Ta ni yóò kà á? Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn náà ni! Ọmọ tí a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tún ti padà di ìránṣẹ́, kò sì nílò bíléèdì mọ́. Níbi tí àyè bá wà fún ọ̀rọ̀ olùkọ́, kò sí ohun tí ó ní kí á má kọ ọ́ ní Yorùbá tí ó mọ́gbọ́n dání fún òbí tí Yorùbá yé jù.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbi tí ètò yìí ti gbó. PowerSchool bẹ̀rẹ̀ ní California ní ọdún 1997. Apple rà á ní 2001, Pearson rà á ní 2006, ó bọ́ sí ọwọ́ Vista ní 2015, Bain Capital sì rà á ní 2024 ní bílíọ̀nù 5.6 dọ́là. Bí ilé ìṣúra náà ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ń bá a lọ. Ní ìparí oṣù Kejìlá 2024, ilé-iṣẹ́ náà rí i pé olè ti wọlé. Kò fọ́ ìlẹ̀kùn, kò gun fèrèsé. Pásíwọ́ọ̀dù tí a jí ni a fi ṣí ẹnu ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ń gbà. Wọ́n kó orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì. Ní ibòmíràn, wọ́n kó ọ̀rọ̀ àìsàn pàápàá. Olè náà halẹ̀ pé bí wọn kò bá san nǹkan bí mílíọ̀nù 2.85 dọ́là, òun yóò tú àṣírí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lé ní mílíọ̀nù 60 àti olùkọ́ mílíọ̀nù 10 síta. Ilé-iṣẹ́ náà sanwó, wọ́n sì gbà pé a ti pa àwọn ohun tí a jí kó rẹ́. Ní oṣù Karùn-ún 2025, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé ìhalẹ̀ lórí àkọsílẹ̀ kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Massachusetts, ọmọ ọdún 19, jẹ́wọ́ ẹ̀bi náà, ilé-ẹjọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 4 ní oṣù Kẹwàá 2025.

Ohun tí ó gbò mí jù nínú ìtàn yìí wà ní Toronto, ní Kánádà. Àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kéde pé lára àkọsílẹ̀ tí olè náà dé ibẹ̀ ni ti àwọn tí wọ́n ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ láti ọdún 1985. Ẹ rò ó wò. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga níbẹ̀ nígbà náà ti lè ní ọmọ-ọmọ. Ìwé rẹ́jísítà tiwa, ikán ì bá ti jẹ ẹ́. Mo ti máa ń bú ikán tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń kọ. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé, “Ó jí bírò,” ìdájọ́ ni ẹ ti dá, ó sì lè dúró fún ogójì ọdún. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé, “A bá bírò ẹlòmíràn lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé,” ohun tí ẹ rí ni ẹ sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kọ́kọ́rọ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n lẹ pásíwọ́ọ̀dù mọ́ ògiri yàrá àwọn olùkọ́, mo sì ti rí olùkọ́ tí ó fi tirẹ̀ fún ọ̀gá kíláàsì pé kí ó bá òun kó máàkì wọlé.

Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí a bu ọwọ́ lù ní oṣù Kẹfà 2023, ti sọ nínú rẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ pa àkọsílẹ̀ ènìyàn mọ́ ju ìgbà tí a nílò rẹ̀ lọ, àti pé níbi tí a bá ti ń gba ìyọ̀ǹda lórí ti ọmọdé, lọ́wọ́ òbí tàbí alágbàtọ́ ni a ti ń gbà á. Òbí tí ó bá lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ibi tí ilé ìṣúra náà wà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àkọsílẹ̀ ọmọ òun nígbà tí ọmọ náà bá jáde. Níbi tí èmi ti bèèrè ìbéèrè ìkẹyìn yìí, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní òun kò ronú kan ibẹ̀ rí. Ó mú bírò, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.