Ẹrù Igi, Ẹrù Omi: Bí A Ṣe Lè Kó Igi Ìdáná Wálé Láìpa Ọrùn Lára

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Kétu kò gbàgbé iná. Wọ́n ní nígbà tí Ọba Ẹdẹ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ibi tí ìlú wà lónìí, tí ọdẹ Alalumon ṣe amọ̀nà wọn, ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí à ń pè ní Yá Kpanku ni wọ́n ti rí iná tí wọ́n kọ́kọ́ dá. Ìtàn dárúkọ ẹni tó fún wọn ní iná, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹni tó ru igi tí iná náà jó. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di òní olónìí: a máa ń yin ọbẹ̀, a máa ń yin ọwọ́ tó sè é, ṣùgbọ́n ọrùn tó ru igi wálé, a kì í sábà dárúkọ rẹ̀.

Lórí ilẹ̀ òkè wa yìí, láti Kétu títí dé Pobè, igi ṣì ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń dáná. Gáàsì ti wọ ìlú, a kò sẹ́. Èédú náà sì wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ rokà fún ilé tó kún, bí a bá fẹ́ yan gàrí tàbí se ẹ̀kọ tí a ó gbé lọ sọ́jà, ìdí ààrò onígi ni à ń padà sí. Nítorí náà, kì í ṣe ìwàásù pé kí a kọ igi sílẹ̀ ni a gbé wá. Ọ̀nà tó wà láàárín oko àti ààrò ni a fẹ́ yẹ̀ wò: ta ní ń ru igi yìí, ìgbà mélòó ni ó ń gbé e, kí ni ó sì ń rù mọ́ ọn láìmọ̀?

Omi tí à ń rù láìmọ̀

Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni omi. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣe é nínú kíláàsì. Bí ẹrù igi tútù kan bá wọn kílò 30, igi gan-an inú rẹ̀ jẹ́ kílò 15, omi sì jẹ́ kílò 15. Bí a bá fi í sílẹ̀ títí omi inú rẹ̀ fi kù sí ìdá kan nínú márùn-ún, ẹrù kan náà kò ní tó kílò 19. A kò yọ ẹ̀là igi kan ṣoṣo kúrò nínú rẹ̀. Kílò 11 ni afẹ́fẹ́ ti gbé lọ.

Lórí ilẹ̀ òkè Kétu, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n láti ayé àwọn baba wa, ẹni tó ru igi tútù wálé ti pọn omi láti oko, omi tí kò ṣeé mu, tí kò ṣeé fọ àwo. Nígbà tó bá sì dé ìdí ààrò, iná ní láti kọ́kọ́ lé omi náà jáde kí ooru tó ràn dé ìdí ìkòkò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń sanwó rẹ̀: ọrùn san án lójú ọ̀nà, ojú san án nínú èéfín.

Ní ọdún 1986, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Nature gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu tó ń ru ẹrù ní ilẹ̀ Kenya. Àwọn olùwádìí náà rí i pé obìnrin tí ẹrù rírù ti mọ́ lára lè ru ohun tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ láìjẹ́ pé agbára tí ó ń lò pọ̀ sí i. Bí ẹrù bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, agbára tí ó ń ná á máa gòkè bí ẹrù ti ń gòkè. Ẹ fi èyí wé tiwa. Obìnrin tó wọn kílò 60, kílò 12 ni ìdá kan nínú márùn-ún tirẹ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ọmọbìnrin ọdún 13 tó wọn kílò 40, kílò 8 péré ni. Kò sí ẹni tó nílò ìwọ̀n láti mọ̀ pé ẹrù igi tó ń wọ ìlú nírọ̀lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí igi gbẹ kó tó kúrò lóko

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyí: kí a sá igi lóko. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ń ṣe iṣẹ́ yìí fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Igi tí a gé nígbà tí a ń ṣán oko, kí a gé e níbẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 45, kí a sì la èyí tó bá nípọn. Èèpo igi kì í jẹ́ kí omi tètè jáde. Ojú ibi tí àáké là ni omi ń gbà lọ. Kí a to ẹ̀là wọ̀nyí sórí igi gbọọrọ méjì kí wọ́n má fara kan ilẹ̀, kí a sì fi wọ́n sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Igi líle bí àyìn lè fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Igi tó gbẹ kì í fi ara rẹ̀ pamọ́. Ojú ibi tí a ti gé e á máa là, èèpo rẹ̀ á máa ṣí, bí a bá sì fi ẹ̀là méjì lu ara wọn, wọ́n á dún kó-kó. Igi tútù á dún gbì.

Àwọn kan yóò ní olè yóò jí i. Òótọ́ ni pé ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn baba wa mọ àálè. Àmì tí a so mọ́ igi tó pé ó ní olúwa ṣì ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀ ní ọ̀pọ̀ abúlé wa. Àwọn tí oko wọn pààlà sì lè to igi wọn sí ojú kan, kí ojú púpọ̀ máa ṣọ́ ọ.

Gígé tí a gé e ní ìwọ̀n kan náà tún ní èrè mìíràn. Àwọn àgbà ní igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú. Òun náà ní í da ẹrù rú. Igi tó dọ́gba rọrùn láti dì, ó rọrùn láti tò, kì í sì í gún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lójú.

Kẹ̀kẹ́ dípò orí

Ẹ ka iye ìgbà tí a ń gbé igi kan: láti inú oko sí ẹ̀bá ọ̀nà, láti ẹ̀bá ọ̀nà sórí, láti orí sí ojúde, láti ojúde sí abẹ́ òrùlé nígbà tí òjò bá ṣú, láti abẹ́ òrùlé sí ibi tí a ti ń là á, láti ibẹ̀ sí ìdí ààrò. Ìgbà mẹ́fà nìyẹn fún igi tí yóò jó tán kí ọbẹ̀ tó jinná. Bí a bá là á lóko, tí a sì ní ibi kan pàtó tí a ó kó o sí nílé, mẹ́fà di mẹ́ta: sínú kẹ̀kẹ́, sínú ilé igi, sínú ààrò.

Kò pọn dandan kí kẹ̀kẹ́ náà jẹ́ olówó ńlá. Kẹ̀kẹ́ gígùn lásán tí a di igi mọ́ lẹ́yìn, tí a ń tì láìgùn ún, ń gba ọ̀nà tóóró oko kọjá. Brouette onítáyà kan dára fún àárín ọgbà, ṣùgbọ́n apá ẹni tó ń tì í ṣì ń gbé lára ẹrù náà. Ọmọláńkẹ́ onítáyà méjì ni ó sàn jù lójú ọ̀nà, nítorí pé bí ẹrù bá dọ́gba lórí irin tó so táyà méjèèjì pọ̀, táyà ni ó ń ru ú, tiwa kò ju kí a fà á lọ. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ nìyí: bí a bá di ẹrù tán, kí ọwọ́ kan lè gbé ọ̀pá ìfà rẹ̀ sókè. Bí ọ̀pá bá wúwo, ẹrù ti pọ̀ jù níwájú; bí ó bá ń fò sókè fúnra rẹ̀, ó ti pọ̀ jù lẹ́yìn.

Ilẹ̀ pupa wa, tí àwọn ìwé Faransé ń pè ní terre de barre, máa ń lẹ̀ mọ́ táyà nígbà òjò. Ìdí mìíràn nìyí tí ó fi yẹ kí igi ti wọlé kí òjò tó dúró dáadáa ní oṣù kẹrin. Àwọn tó bá jìnnà sí oko lè dáwó jọ bí a ti ń dá èsúsú, ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí wọ́n gba alùpùpù onítáyà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó kó igi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ wálé lọ́jọ́ kan.

Ilé igi

Ilé igi kò gbọdọ̀ jìnnà sí ibi ìdáná, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fara ti ògiri ilé, nítorí iná, ikán àti ejò. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá tó. Kí a ri òpó mẹ́rin, kí a to bíríkì tàbí òkúta sílẹ̀, kí a tẹ́ pẹpẹ igi sórí rẹ̀ ní gíga tí ìgbálẹ̀ fi lè wọ abẹ́ rẹ̀. Kí páànù orí rẹ̀ yọ síta dáadáa, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ọ̀rá tí a fi wé igi pátápátá kì í gbà á lọ́wọ́ omi. Ṣe ni ó ń sé omi mọ́ ọn nínú.

Bí pẹpẹ náà bá gùn ní mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 20, tí a to ẹ̀là onígbọ̀nwọ́ kan sórí rẹ̀ ní gíga mítà 1, ohun tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó stère kan. Kí a má tò ó kọjá èjìká ẹni tó kúrú jù nínú àwọn tó ń dáná. Kí a pín in sí ojú méjì, kí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé sára òpó. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde. Kí a máa wo ẹsẹ̀ òpó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì wó ọ̀nà amọ̀ tí ikán bá fà sára rẹ̀. Kí a fi ọ̀pá kan igi kí a tó ti ọwọ́ bọ ibẹ̀, nítorí àkekèé àti ejò.

Igi ọjọ́ kan ṣoṣo ni kó wà nítòsí ààrò, níbi tí ẹ̀tapàrá iná kò ti lè dé. Igi gbígbẹ kò mú èéfín kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń dín in kù púpọ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé fa ikú nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní ọdún 2020.

Ta ni yóò kó o?

Ohun kan wà tí táyà nìkan kò lè tún ṣe. Nílẹ̀ wa, ohun tí a bá ń fi orí rù, iṣẹ́ obìnrin ni. Ohun tí a bá ń fi táyà gbé, ọkùnrin ni ó ni ín. Kẹ̀kẹ́ lè wà lábẹ́ igi máńgòrò nígbà tí ìyá àti ọmọbìnrin ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú igi lórí. Àwa olùkọ́ mọ ẹni tó ń san gbèsè yìí. Ọmọbìnrin tó dé lẹ́yìn agogo ni, tí oorun ń kùn nígbà ẹ̀kọ́ ìṣirò. Arákùnrin rẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ nínú ìdánwò kò ní làákàyè jù ú lọ. Wákàtí ni ó ní jù ú lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, ẹ jẹ́ kí igi di iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù fún gbogbo ilé, pẹ̀lú àáké àti ọmọláńkẹ́, kí ó má ṣe jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ fún ọmọ kan. Bí ilé igi bá kún, kò sí ẹni tí a ó rán lọ sóko nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la ìdánwò.

Ibi tí a ti ń rí igi náà ṣe pàtàkì. Igbó Kétu àti igbó Dogo jẹ́ igbó tí ìjọba dá sí, òfin 93-009 ti ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1993 ló sì ṣètò bí a ṣe ń lo igbó ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ṣùgbọ́n òtílí tí a gbìn sí oko ń fún wa lóúnjẹ, ó sì ń fún wa ní igi wẹ́wẹ́ tó ń tètè gbẹ. Kasíà tí a gbìn yí ọgbà ká, bí a bá gé e, ó tún ń rúwé. Láti ọdún 1985, ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi gbígbìn lórílẹ̀-èdè wa, òjò sì máa ń wà nílẹ̀ nígbà náà. Bí olúkúlùkù ilé bá gbin mẹ́wàá sí ẹ̀yìnkùlé lọ́dọọdún, ọ̀nà oko yóò máa kúrú sí i. Igi tó hù nínú ọgbà, tí a là níbẹ̀, tó gbẹ níbẹ̀, kò sí ọmọ tí yóò fi orí rù ú.