Irọ́ Piltdown àti Àwa Tí A Gba Ẹlẹ́dàá Gbọ́

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a gbà pé Ọlọ́run ni ó dá ènìyàn ni ó mọ orúkọ Piltdown. Bí ìròyìn bá ti dé pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tún hú egungun kan jáde nínú ilẹ̀, tí wọ́n sì ní ti baba ńlá ènìyàn ni, kíá ni a ó ti dáhùn pé, “Ẹ rántí Piltdown!” Orúkọ náà ti di òkò tí a ń sọ lu ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ni pé ara baba kan náà ni ènìyàn àti ìnàkí ti jáde. A kò ní kí a má rántí rẹ̀. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí a rántí rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ sọ ààbọ̀ ìtàn kò jìnnà sí ẹni tí ó pa irọ́.

Abúlé kan ni Piltdown, ní Sussex, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́yà kan wà ní agbègbè náà, Charles Dawson ni orúkọ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn láti máa ṣa ohun àtijọ́ jọ. Ó ní inú kòtò kan tí wọ́n ti ń wa òkúta wẹ́wẹ́ ni òun ti rí àfọ́kù agbárí. Ó mú un tọ Arthur Smith Woodward lọ, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n tún ilẹ̀ náà wà, wọ́n sì rí àfọ́kù mìíràn àti párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1912, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Agbárí náà jọ ti ènìyàn, párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà jọ ti ìnàkí. Wọ́n ní ẹ̀dá tí ó wà láàárín méjèèjì nìyí, àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e káàkiri ayé.

Àwọn kan ṣiyèméjì. Ní ọdún 1913, David Waterston, ọ̀jọ̀gbọ́n ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ gbangba pé agbárí ènìyàn àti párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìnàkí ni wọ́n so pọ̀, àti pé wọn kò bá ara wọn tan. Gerrit Miller ní Amẹ́ríkà sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ní ọdún 1915. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1913 kan náà ni wọ́n tún rí eyín ṣóńṣó kan nínú kòtò náà, ó sì rí gẹ́lẹ́ bí Smith Woodward ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò rí. Ohun tí ojú ń wá ni ojú rí! Dawson kú ní ọdún 1916. Láti ìgbà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Smith Woodward ń wa ilẹ̀ náà kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò tún rí egungun ènìyàn kankan níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ní ọdún 1938, wọ́n gbé òkúta ìrántí ró sí Piltdown láti fi bu ọlá fún Dawson.

Àwọn baba wa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ Piltdown lọ fún ogójì ọdún. Ní ọdún 1949, Kenneth Oakley, òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan náà, wọn ohun kan tí wọ́n ń pè ní fluorine nínú egungun náà. Inú omi ilẹ̀ ni fluorine ti ń wọ inú egungun. Bí egungun bá ti ń pẹ́ sí i nínú ilẹ̀ ni ti inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ti Piltdown kéré jù fún ọjọ́ orí tí wọ́n fún un. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1953, Oakley pẹ̀lú Joseph Weiner àti Wilfrid Le Gros Clark, àwọn méjèèjì láti Oxford, tú àṣírí náà síta. Àyẹ̀wò ìgbà náà àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ fi hàn pé agbárí ènìyàn bí tiwa ni, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún díẹ̀ lọ. Párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà jẹ́ ti orangutan, ọ̀bọ ńlá onírun pupa tí ń gbé inú igbó Borneo àti Sumatra. Wọ́n ti fi irin ha eyín rẹ̀ kí ó lè jọ ti ènìyàn, wọ́n sì ti pa egungun náà láwọ̀ kí ó lè dà bí ohun àtijọ́. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ tí ó tún yẹ ẹ́ wò sọ pé ó jọ pé Dawson nìkan ni ó dá iṣẹ́ náà ṣe.

Kí ni ó dé tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò fi rí ojú ibi tí irin ti ha eyín? Ìfẹ́ ọkàn wọn ni ó bò wọ́n lójú. Ilẹ̀ Jámánì ti ní egungun àtijọ́ tirẹ̀, ilẹ̀ Faransé ti ní tirẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ìwé tí Smith Woodward kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1948 lẹ́yìn ikú rẹ̀, pe ẹ̀dá Piltdown ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́.

Ìfẹ́ ọkàn yìí ṣe ilẹ̀ Áfíríkà ní ibi. Ní ọdún 1924, wọ́n rí agbárí ẹ̀dá kékeré kan níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ẹfun ní Taung, ní Gúúsù Áfíríkà. Raymond Dart, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Johannesburg, kéde ní ọdún 1925 pé ẹ̀dá náà sún mọ́ ènìyàn: ọpọlọ rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ jọ tiwa, ó sì ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn. Àwọn ẹni ńlá Lọ́ńdọ̀nù ní ọmọ ìnàkí lásán ni. Piltdown ti kọ́ wọn pé ọpọlọ ńlá ni ó kọ́kọ́ dé, àti pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó dé sí. Ọdún 1947 ni Arthur Keith, ọ̀kan nínú àwọn tí ó tako Dart jù lọ, tó jẹ́wọ́ pé Dart ni ó jàre. Ohunkóhun tí olúkúlùkù wa ìbáà gbà pé ẹ̀dá Taung jẹ́, egungun tòótọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò fi irin ha á; síbẹ̀ wọ́n gbé ayédèrú ilé lárugẹ, wọ́n sì ti ojúlówó Áfíríkà sẹ́yìn.

Títí dé ìhín, inú àwa onígbàgbọ́ yóò máa dùn. Ṣùgbọ́n ta ni ó tú irọ́ náà? Kì í ṣe oníwàásù, kì í ṣe àlùfáà. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó gba ẹ̀kọ́ Darwin gbọ́ ni. Ohun tí ó sì mú kí wọ́n fura ni pé egungun tí wọ́n ń rí ní Áfíríkà àti ní Éṣíà kò bá ti Piltdown mu mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wàásù pé ẹ̀kọ́ Darwin wó lulẹ̀ ní ọdún 1953 ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Òpó ayédèrú kan ni wọ́n fà yọ. Àwọn onímọ̀ kò kúrò nínú ilé náà, òpó mìíràn ni wọ́n sì ń tọ́ka sí títí di òní.

Àwa náà ti ní Piltdown tiwa. Ní etí odò Paluxy, ní Texas ní Amẹ́ríkà, ojú ẹsẹ̀ dáínósọ̀, àwọn ẹran abàmì ayé àtijọ́, wà lórí òkúta. Àwọn onígbàgbọ́ kan ní ojú ẹsẹ̀ ènìyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé ọjọ́ kan náà ni ènìyàn àti ẹran náà rìn níbẹ̀. Wọ́n kọ ìwé lé e lórí, wọ́n sì ṣe sinimá rẹ̀. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a rí i pé ojú ẹsẹ̀ dáínósọ̀ tí ẹrẹ̀ ti dí ìka rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn mìíràn sì wà tí àwọn ará àdúgbò fi ọwọ́ gbẹ́ fún títà ní àkókò ọ̀wọ́n owó ọdún 1930 sí 1939. Ní ọdún 1986, àwọn aṣáájú onígbàgbọ́ ní Amẹ́ríkà fúnra wọn kìlọ̀ pé kí a má fi ṣe ẹ̀rí mọ́, a sì kó sinimá náà kúrò nílẹ̀. A yìn wọ́n fún èyí, nítorí ohun tí Oakley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sí Piltdown ni àwọn náà ṣe sí ti ilé ara wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí dé sí. Ẹ̀kọ́ Darwin wà nínú bàọ́lọ́jì tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ fún ìdánwò WAEC. Ọmọ tí ó ti ka Gẹ́nẹ́sísì tàbí Kùránì nílé, tàbí tí ó ti gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà pé Ọbàtálá ni ó mọ ara ènìyàn, yóò nawọ́ sókè yóò sì bi yín pé èwo ni òtítọ́. Bí ẹ bá sọ fún un pé irọ́ ni gbogbo egungun, tí ó sì dàgbà tí ó rí ojúlówó, ẹ̀yin ni kò ní gbà gbọ́ mọ́, ó sì ṣeé ṣe kí ó kọ Ẹlẹ́dàá pẹ̀lú yín. Bí ẹ bá sì ní kí ó gba gbogbo ohun tí ọ̀mọ̀wé bá wí láì béèrè, ẹ ti sọ ọ́ di ará Lọ́ńdọ̀nù ọdún 1912.

Ẹ kọ́ ọ kí ó máa béèrè ohun mẹ́ta nígbàkigbà tí ìròyìn bá dé: Kí ni wọ́n rí gan-an? Kí ni wọ́n fi èrò ara wọn kún un? Ta ni wọ́n jẹ́ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò? Ní ti Piltdown, ẹ̀dà tí wọ́n fi ẹfun mọ ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé rí, kì í ṣe egungun gan-an. Ìbéèrè mẹ́ta yìí wúlò fún ìròyìn egungun, wọ́n wúlò fún ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ ìwàásù, wọ́n sì wúlò fún ohun tí à ń gbọ́ ní ìpàdé òṣèlú.

Àwa kò yí padà nínú ìgbàgbọ́ wa pé ènìyàn ní Ẹlẹ́dàá. Ọlọ́run tí ó dá wa kò bẹ ẹnikẹ́ni kí ó fi irọ́ gbè é lẹ́yìn, kò sì sí egungun kan nínú ilẹ̀ tí ó yẹ kí àwa tí a gbà pé òun ni ó ni ilẹ̀ máa bẹ̀rù láti wò.