Dopamine Kì í Ṣe Kẹ́míkà Ìgbádùn Lásán: Ọ̀rọ̀ Ìjákulẹ̀, Láti Ọ̀dọ̀ Eku Dé Ọ̀dọ̀ Oníkòkó

Ọ̀rọ̀ kan ti wá di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wa: dopamine. Ẹ ó gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ ó rí i lórí fóònù, pé òun ni kẹ́míkà ìgbádùn. Ẹni tó jẹ oúnjẹ tó dùn, wọ́n ní dopamine rẹ̀ ti ròkè. Ẹni tí kò lè gbé fóònù sílẹ̀, dopamine ló fà á. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko àti ìṣe wọn, n kò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Ibi tí iṣẹ́ dopamine ti hàn kedere jù kì í ṣe ibi ìgbádùn rárá, ibi ìjákulẹ̀ ni.

Ọ̀bọ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1928, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Tinklepaugh, ní Yunifásítì California ní Amẹ́ríkà, gbé ife méjì síwájú ọ̀bọ. Ojú ọ̀bọ ló ṣe fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sábẹ́ ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, níbi tí ọ̀bọ ò ti rí i, ó yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò, ó fi ewé létúùsì rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà mọ́ kábéèjì fún àwọn tó ń ṣe sàláàdì. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ọ̀bọ máa ń jẹ létúùsì. Bó bá jẹ́ pé létúùsì ló rí láti ìbẹ̀rẹ̀, á mú un jẹ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ṣí ife, ó na ọwọ́, ó fa ọwọ́ padà. Ó wo inú ife, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Nígbà mìíràn á kọjú sí àwọn tó wà níbẹ̀, á pariwo mọ́ wọn. Létúùsì á sì wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti sin ewúrẹ́ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ní àdúgbò wa ní Àkúrẹ́ níbí, ewúrẹ́ tó ti ń jẹ èèpo iṣu fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ da èèpo gbágùdá síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ. Á gbóòórùn rẹ̀, á wo ojú yín, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá. Ewúrẹ́ ilé kejì tí kò mọ adùn èèpo iṣu ni yóò wá jẹ ẹ́ tán.

Ìtàn ewúrẹ́ kò tó ẹ̀rí ṣá. Ní 1928 yẹn kan náà, ní yunifásítì kan náà, Elliott fi eku ṣe tirẹ̀. Àwọn eku kan ń sá gba ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ kan kí wọ́n tó dé ìdí èérí ọkà tí wọ́n pò, oúnjẹ tí eku fẹ́ràn gan-an. Àwọn ẹgbẹ́ kejì ń sá ọ̀nà kan náà nítorí hóró sunflower. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, Elliott fún àwọn ti àkọ́kọ́ náà ní sunflower. Ẹ ó rò pé wọn á kàn dọ́gba pẹ̀lú ẹgbẹ́ kejì ni, àbí? Rárá o. Wọ́n burú jù wọ́n lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Ní 1942, Crespi wá ka hóró oúnjẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Eku tó ti mọ́ lára láti rí hóró 256, tí wọ́n wá já sí 16, ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ ju eku tí kò rí ju 16 rí lọ. Èyí tó sì ti ń rí hóró kan tàbí mẹ́rin tẹ́lẹ̀, tó wá rí 16, ṣe ni ó ń sáré tete. Hóró 16 kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ o.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀dá ló ń ṣe báyìí. Ní 1967, Lowes àti Bitterman dín oúnjẹ ẹja goldfish kù láti ekòló 40 sí 4. Ẹja náà kò tiẹ̀ fi ṣe nǹkan kan. Bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ló ń lúwẹ̀ẹ́ lọ. Nítorí náà, a kò lè sọ pé oúnjẹ tó kéré ló ń fa ìjákulẹ̀. Ohun kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọpọlọ tó ń ṣírò ohun tí a retí mọ́ ohun tí a rí.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun náà kan igbó wa. Igi kan wà tí à ń pè ní asofẹ́yẹjẹ, tó ń so èso pupa wẹ́wẹ́ fún ẹyẹ. Àwọn oníṣègùn wa ti ń lo gbòǹgbò rẹ̀ fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú tipẹ́tipẹ́. Dókítà ọmọ Kánádà kan, Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950, lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn Yorùbá, ó sì kọ ohun tó rí nípa igi yìí síta ní 1960. Kẹ́míkà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ reserpine. Ní 1957, ní ìlú Lund ní Sweden, Arvid Carlsson fún ehoro ní reserpine (kì í ṣe Oǹdó ló ti rà á o, ìbátan igi yìí tó wà ní Íńdíà ni àwọn òyìnbó ń lò jù nígbà náà). Ehoro jókòó gẹlẹtẹ, etí rẹ̀ rọ sílẹ̀, kò lè mira. Carlsson fún un ní L-DOPA, ohun tí ara fi ń ṣe dopamine. Láìpẹ́, ehoro dìde, ó ń rìn. Ibi tí a ti wá mọ̀ nìyẹn pé dopamine ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ọpọlọ, Carlsson sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2000.

Kí ni L-DOPA? Ẹ lọ wo hóró yèrèpè, yèrèpè tó ń yún ni lára nínú oko. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Íńdíà ti yọ L-DOPA jáde nínú rẹ̀ láti 1937. Ẹ wò ó bí nǹkan ṣe rí: igi kan ń gbọ́n dopamine dànù nínú ọpọlọ, àjàrà kan ń dá a padà, àwọn méjèèjì sì ń hù nínú igbó kan náà lọ́nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ohun tí mo kọ yìí lọ bọ èyíkéyìí nínú wọn mu nílé. Reserpine ń já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ débi tó lè pa ènìyàn lára, ó sì lè mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì.

Ehoro Carlsson fi hàn pé láìsí dopamine, ẹran ò lè dìde lọ wá nǹkan. Ohun tí dopamine ń kà gan-an, Wolfram Schultz ló rí i, ní Fribourg ní Switzerland. Ó tẹ́tí sí àwọn sẹ́ẹ̀lì dopamine nínú ọpọlọ ọ̀bọ bí ọ̀bọ ṣe ń gba omi èso lẹ́nu. Bí omi èso bá dé lójijì, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á dún kíkankíkan. Nígbà tí ọ̀bọ ti wá mọ̀ pé bí iná kan bá tàn, omi èso ń bọ̀, iná ni wọ́n ń dún fún. Omi èso fúnra rẹ̀ dé, wọn ò dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí iná bá wá tàn tí omi èso kò dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á dákẹ́ wẹ́lo, ní ìṣẹ́jú àáyá tó yẹ kí ó dé gan-an. Òun pẹ̀lú Dayan àti Montague kọ ọ́ jáde ní 1997. Ní 2007, Matsumoto àti Hikosaka rí i pé ibì kan bíńtín nínú ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní habenula, ló máa ń dún nígbà tí èrè kò bá wá, tí á sì pa àwọn ti dopamine lẹ́nu mọ́.

Àwa tí à ń gba owó ìfẹ̀yìntì mọ̀ ọ́n. Alẹ́ẹ̀tì orí fóònù ló ń múnú wa dùn, kì í ṣe owó tí a lọ gbà ní báǹkì. Kí ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n mọ́ wá kọjá kí fóònù má dún!

Kòkó ló mú mi kọ gbogbo èyí. Ní 2022, tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé kò ju bíi dọ́là 2,500 lọ. Ní 2024 ó kọjá 10,000, ní Oṣù Kejìlá ọdún náà ó kọjá 12,000. Kí 2025 tó parí, ó ti já ju ìdajì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì tó ìlọ́po méjì ti 2022. Bàbá àgbẹ̀ kan ní Oǹdó sọ fún mi pé, "Prófẹ́sọ̀, kòkó ti kú." Mo ní, "Bàbá, ẹ rántí èló lẹ ń tà á ní 2022." Wọ́n wò mí bí ọ̀bọ ṣe wo létúùsì.

N kò sọ pé àgbẹ̀ ń ṣe bí eku. Náírà kì í ṣe ohun tó jẹ́ ní 2022 mọ́, ajílẹ̀ ti wọ́n, àwọn mìíràn sì ti fi owó 2024 bẹ̀rẹ̀ ilé tí wọn ò lè parí. Gbèsè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ẹnì kan ti pa oko kòkó tó ṣì ń mú owó wọlé tì, tàbí pé ó ti fẹ́ gé igi rẹ̀, mo mọ̀ pé hóró 256 ló ṣì ń kà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ọtí. Flaherty, ní Yunifásítì Rutgers, máa ń fún eku ní omi ṣúgà ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún, á wá já a sí ìdá 4. Eku á kẹ̀yìn sí i, kẹ́míkà ìdààmú á sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní 1982, òun àti Becker rí i pé ọtí ń dín ìjákulẹ̀ yìí kù. Òótọ́ ni, ó ṣiṣẹ́, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tí nǹkan já kulẹ̀ fún fi ń padà sí ìdí ògógóró. Ṣùgbọ́n ìdá 4 náà ni ṣúgà ṣì jẹ́. Eku tí ẹnikẹ́ni kò fún ní ọtí náà kò sì pẹ́ níbẹ̀: lẹ́yìn bí ọjọ́ mélòó kan, ó ti padà sí ìdí omi ṣúgà rẹ̀, ó ń lá a bí àwọn tí kò mọ ìdá 32 rí.