Oúnjẹ abẹ̀mí fún ọmọ ẹja: Bí ẹ ṣe lè sìn ín nílé láì sin ẹ̀fọn mọ́ ọn

Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹyin ẹja àrọ̀ bá pa, oúnjẹ tí ọmọ ẹja gbé wáyé nínú ikùn rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láti ìgbà náà lọ, bí kò bá rí ohun tó lè wọ ẹnu rẹ̀, kò ní pẹ́ kú.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin ẹja nílé ti ń pàdánù. Wọ́n á da oúnjẹ lílọ̀ sínú omi, oúnjẹ náà á rì sísàlẹ̀, omi á bàjẹ́, ọmọ ẹja á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ebi ló ń pa wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ wà níwájú wọn.

Yálà ẹja ẹwà inú àpótí dígí lẹ ń sìn, tàbí àrọ̀ tí ẹ fẹ́ tà lọ́jà, ọ̀nà àbáyọ kan náà ni: oúnjẹ abẹ̀mí, ìyẹn àwọn ẹ̀dá tín-ín-rín tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi. Ẹ lè sìn wọ́n nínú korobá lẹ́yìnkùlé. Àmọ́, bí ẹ kò bá ṣọ́ra, korobá yẹn kan náà lè di ilé ẹ̀fọn.

Kí ló dé tí oúnjẹ gbígbẹ nìkan kò fi tó?

Ìdí mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ẹnu. Ẹnu ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kéré débi pé ohun tó bá fi díẹ̀ ju ìdajì mìlímítà lọ lè má wọ̀ ọ́.

Ìkejì ni ojú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja kì í lé ohun tí kò bá mira. Ohun tó ń fò sókè sódò nínú omi ni wọ́n mọ̀ sí oúnjẹ.

Ìkẹta ni inú. Agbẹ̀du ọmọ ẹja bíi àrọ̀ kò tíì pé nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, nítorí náà oúnjẹ gbígbẹ kì í tètè dà nínú rẹ̀. Ẹ̀dá abẹ̀mí rọ̀, omi pọ̀ lára rẹ̀, ó sì rọrùn láti dà.

Yàtọ̀ sí èyí, oúnjẹ abẹ̀mí tó bá ṣẹ́kù kì í jẹrà lójú ẹsẹ̀. Á máa lúwẹ̀ẹ́ kiri títí ebi yóò tún fi pa ẹja.

Ohun tí ọ̀sà Abidjan fi hàn

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn tó ti Ejigbo ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wá, mọ Abidjan bí ẹni mowó. Àwọn tó ń gbé Treichville kò jìnnà sí èbúté tí wọ́n ń pè ní Port autonome d'Abidjan, ọ̀kan lára àwọn èbúté tó ń gba ẹja túnà jùlọ nílẹ̀ Áfíríkà.

Ohun tó jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá lè wọ èbúté náà ló tún yí ìgbésí ayé inú ọ̀sà Ébrié padà. Lọ́dún 1950, wọ́n ṣí odò àfọwọ́gbẹ́ Vridi, tó so ọ̀sà náà pọ̀ mọ́ òkun. Omi oníyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ wọlé. Bí àsìkò òjò bá dé, omi odò á tún tì í padà.

Èyí kan ẹni tó ń sin ẹja nílé pẹ̀lú. Ẹ̀dá tó ń gbé inú omi iyọ̀ kì í pẹ́ nínú omi kànga, èyí tó sì ń gbé inú omi kànga kò lè fara da omi òkun. Ẹ mọ irú omi tí ẹ ní kí ẹ tó yan oúnjẹ tí ẹ fẹ́ sìn.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí Centre de Recherches Océanologiques, CRO, tó wà ní Abidjan, ní ibùdó kan ní Layo, nítòsí Dabou, níbi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí ẹja sínsìn. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ fi hàn pé ọmọ ẹja yàtọ̀ síra.

Ẹyin ọ̀bọ̀kún tóbi, ọmọ rẹ̀ sì máa ń gbé oúnjẹ púpọ̀ wáyé. Nígbà tó bá ṣetán láti jẹun, ó ti lágbára tó láti jẹ oúnjẹ lílọ̀. Àmọ́ ọmọ irú àrọ̀ ńlá kan, Heterobranchus longifilis, kéré gan-an. Ohun abẹ̀mí ló dára kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ fún un.

Ní Layo kan náà, wọ́n tún dán ọgbọ́n àwọn apẹja ilẹ̀ Benin wò. Lórí adágún Nokoué, níbi tí Ganvié wà, àwọn apẹja máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi, wọ́n ń pè é ní acadja. Ewéko àti àwọn ẹ̀dá tín-ín-rín á hù bo igi náà, ẹja epìyà á sì máa wá họ wọ́n jẹ.

Àwọn olùṣèwádìí náà lo ọparun dípò ẹ̀ka igi. Wọ́n rí i pé epìyà inú ọgbà ọparun náà pọ̀ lọ́pọ̀ ìlọ́po ju ti ọgbà tí kò ní ọparun, láì ra oúnjẹ kankan. Oúnjẹ abẹ̀mí ni acadja pẹ̀lú, igi ló kàn ń gbé e ró.

Artemia: ẹyin inú agolo

Oúnjẹ abẹ̀mí tó gbajúmọ̀ jùlọ lágbàáyé ni Artemia, ìbátan edé kan tó ń gbé inú adágún oníyọ̀. Lọ́dún 1933, Alvin Seale ní San Francisco kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe lè fi í bọ́ ọmọ ẹja. Gunnar Rollefsen ní Norway náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1939.

Ohun tó sọ ọ́ di ọjà ni ẹyin rẹ̀. Bí omi bá ń gbẹ, Artemia máa ń yé ẹyin tó lè sùn fún ọdún púpọ̀ láì kú. Great Salt Lake ní ìpínlẹ̀ Utah, Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á sì dì í sínú agolo. Ẹyin bíi 200,000 sí 300,000 ló wà nínú gíráàmù kan ṣoṣo.

Bí ẹ ṣe lè pa á rèé:

• Ẹ da iyọ̀ gíráàmù 25, nǹkan bí ṣíbí ìjẹun kan àti ààbọ̀, sínú lítà omi kan. Ẹ lè lo ìgò ọ̀rá tí ẹ dojú rẹ̀ dé, tí ẹ sì gé ìdí rẹ̀.

• Ẹ da ẹyin bíi gíráàmù kan sí i, kí ẹ fi ẹ̀rọ kékeré fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, kí iná tàbí ìmọ́lẹ̀ sì wà nítòsí.

• Ooru tó yẹ jẹ́ nǹkan bíi 26 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Ní Abidjan, Èkó tàbí Cotonou, kò pọn dandan kí ẹ ra ẹ̀rọ amómigbóná.

• Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 24, ẹ pa ẹ̀rọ atẹ́gùn, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10. Èèpo á léfòó, ẹyin tí kò pa á rì, àwọn ọmọ tó pọ́n bí ọsàn á sì kóra jọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

• Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa àwọn ọmọ náà sínú asẹ́ aláṣọ, kí ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn wọ́n, kí ẹ sì fún ẹja.

Ẹ má jẹ́ kí èèpo bá wọn lọ, nítorí ó lè dí ìfun ọmọ ẹja. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pẹ́ kí ẹ tó fún ẹja. Bí wákàtí ti ń lọ ni ọ̀rá ara wọn ń tán, oúnjẹ inú wọn sì ń dín kù.

Ìṣòro Artemia ni owó. Ohun tó bá ti òkè òkun wá máa ń gbé owó dọ́là, owó ọkọ̀ àti owó aṣọ́bodè dání. Bí owó náírà bá já wálẹ̀, agolo á wọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó ń pa ẹyin àrọ̀ mọ oúnjẹ kejì tó lè sìn fúnra rẹ̀.

Moina: èyí tó wà lẹ́yìnkùlé yín

Moina jẹ́ ẹ̀dá kékeré tó ń fò sókè sódò nínú adágún àti kòtò omi ní ilẹ̀ olóoru. Àgbà rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà kan lọ. Ó fara da ooru àti omi tí atẹ́gùn rẹ̀ kéré ju ọ̀pọ̀ ìbátan rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbẹ omi ara rẹ̀ kúrò, nǹkan bí ìdajì ohun tó kù jẹ́ èròjà amáradàgbà.

Ohun tó mú kó wúlò jù ni pé, nígbà tí oúnjẹ bá pọ̀, abo rẹ̀ máa ń bímọ láì rí akọ. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ tí wọ́n bí náà á ti máa bímọ.

Ẹ pọn omi sínú táǹkì tàbí báàfù ńlá. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó dúró fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí kùlóríìnì lè kúrò nínú rẹ̀. Ẹ di ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ díẹ̀ sínú àpò aṣọ, kí ẹ rì í sínú omi náà, kí ẹ sì gbé e síbi tí oòrùn ń dé díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ewé. Oúnjẹ Moina nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba Moina díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń sìn ín, tàbí kí ẹ fi asẹ́ kó o nínú adágún tí ẹja kò sí. Ẹ lè fi ìwúkàrà tí àwọn aṣebúrẹ́dì ń lò bọ́ wọn pẹ̀lú. Ẹ pò ó mọ́ omi, kí ẹ sì da ìwọ̀nba tí kò ní ju kí omi ṣú díẹ̀ lọ. Bí omi bá mọ́ gaara, ebi ń pa wọ́n. Bó bá ń rùn, oúnjẹ ti pọ̀ jù. Bí ara wọn bá pọ́n, ó lè jẹ́ pé atẹ́gùn inú omi ti dín kù.

Tí wọ́n bá ti pọ̀, ẹ má kó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ lójúmọ́. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé báàfù kan ṣoṣo, torí ó lè kú lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Méjì tàbí mẹ́ta ló yẹ kó wà.

Fún ẹnu tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ

Àwọn ẹja ẹwà kan ní ọmọ tó kéré gan-an. Fún wọn, ẹ rẹ ewé gbígbẹ tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí á pọ̀ nínú rẹ̀.

Aràn tín-ín-rín kan náà tún wà tí àwọn olólùfẹ́ ẹja máa ń pín fún ara wọn. Ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo ro oúnjẹ tó rọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wọ́n ìwúkàrà lé e, kí ẹ sì fi aràn náà sí i nínú ike tí ẹ lu ihò sí ìdérí rẹ̀. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á máa gun ara ike náà. Ìka lẹ máa fi nù wọ́n sínú omi ẹja.

Tanwíjí ńkọ́?

Òótọ́ ni pé ẹja fẹ́ràn tanwíjí, ó sì ń ṣara lóore fún wọn. Àmọ́ ẹni tó bá ń sin tanwíjí lọ́fẹ̀ẹ́ ń sin ẹ̀fọn fún gbogbo àdúgbò.

Abidjan mọ èyí dáadáa. Ibà dẹ́ńgè bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2017, 2019 àti 2023. Ẹ̀fọn tó ń gbé e kiri, Aedes aegypti, kì í wá ẹrọ̀fọ̀ lọ. Omi inú ìkòkò, táyà àti korobá ilé ló fẹ́ràn, òun kan náà ló sì ń gbé ibà pọ́njú kiri. Nínú ooru, ẹyin rẹ̀ lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá.

Nítorí náà, ẹ fi àwọ̀n tó dí bo gbogbo báàfù Moina, kí ẹ sì so ó pinpin. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Bí ẹ bá rí tanwíjí, ẹ sẹ́ ẹ fún ẹja lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó má lè di ẹ̀fọn. Tí ẹ bá da omi nù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ara báàfù, nítorí ẹyin Aedes máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ó sì lè gbẹ fún oṣù mélòó kan kó tó tún rí omi kó sì pa.

Ibi tí kò yẹ kí ẹ ti kó o

Ẹ má kó oúnjẹ ẹja nínú gọ́tà tàbí nínú omi tó wà nítòsí èbúté àti ilé iṣẹ́. Epo ọkọ̀, omi ìdọ̀tí ìlú àti kẹ́míkà lè wà níbẹ̀. Ohun tí aràn bá jẹ, ẹja jẹ ẹ́ pẹ̀lú. Bó bá sì jẹ́ ẹja títà ni, ẹni tó rà á jẹ náà kò yọ sílẹ̀.

Adágún tí ẹja wà nínú rẹ̀ kò dára bákan náà, torí ẹ lè kó àrùn àti kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹja wọlé.

Nígbà wo ni kí ẹ dá a dúró?

Ọmọ ẹja tó kéré gan-an nílò oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, ó kéré tán ìgbà mẹ́rin lójúmọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àrọ̀ ní oúnjẹ lílọ̀ kúnná ṣáájú, kí oúnjẹ abẹ̀mí tó tẹ̀ lé e. Ẹ máa dín ti abẹ̀mí kù díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má gé e lójijì.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ bóyá wọ́n yó ni kí ẹ wo ikùn wọn. Ara ọmọ ẹja mọ́ bíi gíláàsì. Bó bá ti jẹ Artemia, ikùn rẹ̀ á yọ roboto, á sì pọ́n bí ọsàn. Bí ikùn bá funfun, tó sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ẹ tètè bọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú.