Sẹ́ńsọ̀ Tí Ń Purọ́ fún Ẹ́ńjìnì

Kò sí onímọ́tò ìlú Accra tí kò mọ Abossey Okai. Ọjà náà kún fún ẹ̀yà ara ọkọ̀ láti òkè òkun, bí ènìyàn bá sì mọ ohun tí ó ń wá, ó ṣòro kí ó má rí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni í dé ibẹ̀ láìmọ ohun tí ń ṣe ọkọ̀ wọn. Wọn a ra pọ́lọ́ọ̀gì, wọn a ra ẹ̀rọ tí í fa pẹtiróòlù, ọkọ̀ kò sì ní yé rú èéfín dúdú. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá.

Nínú ẹ́ńjìnì òde òní, kọ̀ǹpútà ni í pín pẹtiróòlù. Kò lójú, kò létí. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí à ń pè ní sẹ́ńsọ̀ ni í jíṣẹ́ fún un. Ọ̀kan nínú wọn wà tí a ki ẹnu rẹ̀ bọ omi tí í tu ẹ́ńjìnì lára, tí í sì sọ bí omi náà ti gbóná tó. Bí omi bá tutù, sẹ́ńsọ̀ yìí a dènà iná mànàmáná gidigidi. Bí ó bá gbóná, ìdènà náà a dínkù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota, ó tó 2,000 sí 3,000 óòmù bí ooru bá jẹ́ 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ooru bá dé 80, a fà sẹ́yìn dé 200 sí 400.

Bí wáyà rẹ̀ bá já, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mìíràn a gbà pé ẹ́ńjìnì wà nínú yìnyín, bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró sínú oòrùn ọ̀sán gangan ní Kaneshie! A wá máa da pẹtiróòlù sí i bí ẹni tí ń ko igi síná lọ́jọ́ ọyẹ́. Ta ni ń san owó pẹtiróòlù náà bí kò ṣe àwa?

Gánà ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ tí ń to ọkọ̀, èyíinì ni Kantanka. Volkswagen pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Accra ní 2020. Síbẹ̀, ọkọ̀ àlòkù ni ó pọ̀ jù lójú pópó, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Èkó. Ẹni tí ó ra ohun tí ẹlòmíràn ti lò, tí kò sì mọ inú rẹ̀, owó àìmọ̀kan ni yóò máa san títí.

Ihò kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí orúnkún dírẹ́bà, tí a lè ki ẹ̀rọ kékeré bọ̀ láti ka àrùn ọkọ̀. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tuntun láti 1996, Yúróòpù sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ pẹtiróòlù ní 2001. Bí ẹ̀rọ bá kọ P0118, ẹ má tíì ná owó. Àmì náà wí pé ọ̀nà iná sẹ́ńsọ̀ yìí kò gún. Kò wí pé sẹ́ńsọ̀ ni ó jẹ̀bi. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun a máa jẹ ẹnu wáyà, eku náà kò sì ṣàì lọ́wọ́ sí i nígbà mìíràn.

Kí ẹ́ńjìnì kọ́kọ́ tutù pátápátá, nítorí omi gbígbóná tí í fún jáde lè bó ènìyàn lára. Ẹ yọ wáyà bátìrì, ẹ yọ ẹnu wáyà sẹ́ńsọ̀, kí ẹ sì fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí iye rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìwé ọkọ̀, ó ti kú nìyẹn. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ tú sẹ́ńsọ̀ pẹ̀lú sípánà, kí ẹ sì tètè fi tuntun dí ihò náà kí omi má baà dànù púpọ̀. Wáṣà tuntun ni kí ó bá a lọ. Ẹ má fi agbára dè é, nítorí irin ibẹ̀ a máa rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi kún un, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi jáde.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù ni a fẹ́ rà, kí a mú mítà dání lọ sí ìsọ̀. Ẹni tí kò ní mítà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó ń rà.

Ẹ̀yin olùkọ́ sì lè fi èyí tí ó ṣì sàn kọ́ àwọn ọmọ ní iyàrá sáyẹ́ǹsì. Ìkòkò omi, tẹmọmítà àti mítà ti tó. Kí wọ́n máa kọ iye sílẹ̀ nígbà tí ooru bá fi 10 gòkè, kí wọ́n sì ya ìlà rẹ̀ sórí ìwé. Wọn yóò rí i pé ìlà náà kò lọ tààrà: a kọ́kọ́ já wálẹ̀ kíákíá, a sì wá máa rọra sọ̀ kalẹ̀ bí omi ti ń súnmọ́ híhó.