Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: Ẹrù ilé lọ́rùn obìnrin tó ń sáré ìje n'Ìṣẹ̀rí-Olófin

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún; bí èèyàn kò bá lé nǹkan, nǹkan ló ń lé e. Bóyá ìdí nìyẹn táwọn ará àdúgbò fi máa ń dúró wo abilékọ tó bá wọ ṣòkòtò péńpé àti bàtà kánfáàsì, tó ń sáré lọ lójú títì Ìṣẹ̀rí-Olófin ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Ìbéèrè ló máa ń tẹ̀ lé e. Kí ló ń lé e? Ta ló fi ọmọ tì? Ṣé ó ti dáná?

Bí ọkùnrin bá sáré kọjá, ta ló máa bi í bóyá ó ti dáná? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú àwọn tó ń sáré ìje láìgba owó oṣù nídìí rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dá obìnrin dúró, iṣẹ́ ilé ni.

Ìṣẹ̀rí-Olófin tí à ń sọ yìí kì í ṣe Ìṣẹ̀rí etí odò Ògùn tó wà lápá Berger o. Èyí tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ni, nítòsí Ìdímù àti Ẹgbẹ́dá, níbi tí òpópónà tó ti LASU ní Ọ̀jọ́ wá, tó gba Ìbà àti Ìgándò, ti ń wọlé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka àwọn èèyàn lọ́dún 2006, Alímọ̀ṣọ́ nìkan ní ju 1,200,000 èèyàn lọ, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn tí èrò rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó. Kílẹ̀ tó mọ́ tán, dánfó, kẹ̀kẹ́ márúwá àti ọkọ̀ akẹ́rù ti gba títì. Ẹni tó bá fẹ́ sáré kí èéfín tó bo ojú ọ̀nà, àfi kó jí kí àkùkọ tó kọ.

Eré tí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ń múra sílẹ̀ fún kò kéré mọ́. Ní ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì, ọdún 2016 ni wọ́n sá eré Lagos City Marathon ìgbà àkọ́kọ́, kílómítà 42.195, láti pápá ìṣeré National Stadium ní Sùúrùlérè títí dé Eko Atlantic. Abraham Kiptum, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ló gba ipò kìn-ín-ní lọ́jọ́ náà. Àmọ́ kì í ṣe irú Kiptum nìkan ló ń jáde. Oníṣòwò, tíṣà àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà ń sá a, àwọn tí kò sì lè sá gbogbo rẹ̀ ní eré kílómítà 10 tiwọn. Okpekpe ní Ìpínlẹ̀ Edo náà ní eré kílómítà 10 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013. Lagos Women Run sì tún wà, tó jẹ́ tàwọn obìnrin nìkan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń múra fún kílómítà 10 lè fi ìṣẹ́jú 40 sáré lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀, kó wá fi wákàtí kan sáré jẹ́jẹ́ ní Sátidé. Wákàtí mẹ́ta péré nìyẹn nínú wákàtí 168 tó wà nínú ọ̀sẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá sọ nínú ìlànà tó gbé jáde lọ́dún 2020 pé, ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n, tàbí ìṣẹ́jú 75 bó bá jẹ́ èyí tó le. Wákàtí mẹ́ta kò pọ̀, ṣùgbọ́n ibo ni obìnrin tó ní ọkọ, ọmọ àti ṣọ́ọ̀bù ti fẹ́ rí i?

Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 kan wúwo tó kílò 25. Obìnrin tó bá gbé mẹ́rin wọlé láti ìdí ẹ̀rọ omi ti gbé 100 kílò, kó tó wá gbá ilẹ̀, wẹ ọmọ, dáná oúnjẹ àárọ̀, kó sì wá ọkọ̀ tó máa gbé e dé Ìkòtún tàbí Ìyànà-Ìpájà. Àwọn kan máa ń sọ pé eré ìdárayá náà nìyẹn. Òótọ́ ni pé òógùn jáde, ṣùgbọ́n omi rírù kò kọ́ ẹsẹ̀ àti èémí bí a ṣe ń sáré fún wákàtí kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìgbà tí ara bá ń sinmi lẹ́yìn eré ni iṣan máa ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tó ti orí títì wọ ìdí ààrò, tó ti ìdí ààrò wọ ọjà, tó sùn láago méjìlá òru, tó tún jí láago mẹ́rin, kò tíì sinmi. Bí orúnkún bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, wọ́n á ní eré ló pa á lára. Wọn ò ní rántí kẹ́ẹ̀gì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Ìṣẹ̀rí, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1948 tí ìdíje Òlíńpíìkì wáyé ní London, Fanny Blankers-Koen, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti bímọ méjì. Àwọn kan ní ó ti dàgbà jù. Àwọn mìíràn kọ lẹ́tà sí i pé kó jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀ nílé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń ṣe ìdánrawò láàárín ọ̀sẹ̀, a sì máa kó àwọn ọmọ dání lọ sí pápá. Ọkọ rẹ̀, Jan Blankers, ló ń kọ́ ọ. Góòlù mẹ́rin ló gbà ní London: mítà 100, mítà 200, mítà 80 tí wọ́n ti ń fo igi, àti eré ẹlẹ́ni mẹ́rin tí wọ́n ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Díẹ̀ ló kù kó pẹ́ dé ibi eré tó kẹ́yìn yẹn, torí pé ó lọ ra ẹ̀wù òjò. Lọ́dún 1999, àjọ tó ń darí eré orí pápá lágbàáyé, IAAF, sọ pé kò sí obìnrin eléré orí pápá tó ta yọ tó o ní gbogbo ọgọ́rùn-ún ọdún náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ara obìnrin ni kò gbà á. Lẹ́yìn tí àwọn obìnrin sá mítà 800 ní Òlíńpíìkì Amsterdam lọ́dún 1928, àwọn aláṣẹ ní ó ti le jù fún wọn, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò títí di ọdún 1960. Ọdún 1984, ní Los Angeles, ni wọ́n tó gbà kí obìnrin sá máráṣọ́ọ̀nù ní Òlíńpíìkì, Joan Benoit ọmọ Amẹ́ríkà ló sì gbégbá orókè. Nílé tiwa níbí, ọlọ́pàá ni Chioma Ajunwa nígbà tó fo ìfò gígùn ní Atlanta lọ́dún 1996, tó gba góòlù Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà.

Ohun tó yẹ ká dì mú nínú ìtàn Fanny ni pé ọkọ rẹ̀ wà lórí pápá pẹ̀lú rẹ̀. Bí baálé ilé bá gba ìtọ́jú ọmọ fún òwúrọ̀ mẹ́rin lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́ta tí à ń wá ti yọjú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, lè gbá ilẹ̀, kó fọ abọ́. Omi Sátidé ṣeé pọn sílẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀. Ọbẹ̀ ṣeé sè sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ opó tàbí ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ, obìnrin méjì tàbí mẹ́ta tó jọ ń gbé ọgbà kan náà lè máa bá ara wọn mójú tó ọmọ: kí tibí sáré lónìí, kí tọ̀hún sáré lọ́la.

Ojú ọ̀nà náà ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ má dá sáré nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹ má kọ̀yìn sí i. Ẹ wọ aṣọ funfun tàbí èyí tí iná ọkọ̀ máa tètè hàn lára rẹ̀. Ẹ má fi orin di etí méjèèjì. Ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà fún ará ilé. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tí ọkàn rẹ̀ ní àìlera gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Ilé Ìwòsàn Ìjọba ti Alímọ̀ṣọ́ wà n'Ìgándò, kò jìnnà.

Nígbà tí Fanny padà sí Amsterdam lọ́dún 1948, kẹ̀kẹ́ làwọn aládùúgbò rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ, kó má baà máa fẹsẹ̀ sáré kiri mọ́. Ẹ̀bùn tó dáa ni, àmọ́ abilékọ tó ń sáré n'Ìṣẹ̀rí-Olófin kò nílò kẹ̀kẹ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wà nílé nígbà tó bá jáde lọ́la, ẹ bá a pọn omi.